Mítà DT830D fún ẹni tó ń kọ́ síríkíìtì rẹ̀sísítọ̀

Ẹni tó ń kọ́ síríkíìtì rẹ̀sísítọ̀ kò nílò mítà olówó ńlá. DT830D kékeré yìí, tó ń wọn fólítì (V), kọ́rẹ́ǹtì (A) àti iye rẹ̀sísítọ̀ (Ω), tó o, bí ẹ bá ti mọ ibi tó ti ń ṣìnà.

Ẹ so orí rẹ̀sísítọ̀ 2.2 kΩ mọ́ orí 3.3 kΩ, ìdí mọ́ ìdí, kí ẹ fi 1 kΩ ṣíwájú wọn, kí ẹ wá fi bátìrì 9 V sí i. Ìṣirò rẹ̀ nìyí: 2.2 × 3.3 ÷ 5.5 jẹ́ 1.32; ẹ fi 1 kún un, ó di 2.32 kΩ. 9 ÷ 2.32 jẹ́ 3.88 mA. 1 kΩ gba 3.88 V, 5.12 V yòókù wà lórí àwọn méjì tó so pọ̀. Ẹ yí mítà sí 20 V: nọ́ńbà tó máa gbé jáde kò ní jìnnà sí èyí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wọn bátìrì fúnra rẹ̀, torí tuntun sábà máa ń ju 9 V lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ wọn 3.3 kΩ, ẹ yọ bátìrì, kí ẹ sì tú ẹsẹ̀ rẹ̀sísítọ̀ náà kan. Bí ẹ kò bá tú u, 1.32 lẹ máa rí, ẹ ó sì rò pé rẹ̀sísítọ̀ ti bàjẹ́.

Wíwọn kọ́rẹ́ǹtì ló ń ba mítà yìí jẹ́ jù. Ẹ já wáyà, kí mítà dúró sí àlàfo náà, kí iná gba inú rẹ̀ kọjá. Lórí 20 mA, ó ń fi bí 10 Ω kún síríkíìtì, nítorí náà 3.86 ló máa kọ dípò 3.88, ìyẹn kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá fi mítà tó wà lórí kọ́rẹ́ǹtì kan ẹnu bátìrì méjèèjì ló máa jó fíúsì. Ihò 10 A léwu ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní fíúsì rárá.

Àbùkù tó dùn mí jù ni pé 1 MΩ péré ni mítà fúnra rẹ̀ jẹ́ lórí fólítì. Ẹ to 1 MΩ méjì tẹ̀lé ara wọn lórí 9 V: 4.5 V ló yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà, ṣùgbọ́n 3 V ni mítà máa kọ, torí òun náà ti di rẹ̀sísítọ̀ kẹta. Bí rẹ̀sísítọ̀ inú síríkíìtì kò bá ju 10 kΩ lọ, ẹ fọkàn balẹ̀. Tó bá ti kọjá 100 kΩ, ẹ wá mítà tó jẹ́ 10 MΩ.

Bátìrì inú rẹ̀ tó bá ti ń kú a máa jẹ́ kó kọ iye tó ga ju òótọ́ lọ. Ẹ tètè pààrọ̀ rẹ̀.