Sìkánà ọkọ̀: ká tò ó fúnra wa ni, àbí ká ra èyí tó ti parí?

Iná ẹ́ńjìnnì tó ń tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù kì í sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Sìkánà ló ń bi kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ léèrè, tó sì ń mú kóòdù jáde, ìyẹn àmì tó ń tọ́ka sí ohun tó bàjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ní ọ̀kan ní Kétu tàbí Àjàṣẹ́ lè ra pulọ́ọ̀gì kékeré oní-Bluetooth tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́, ó lè ra èyí tó ní ojú tirẹ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ń lò, ó sì lè ra àwọn ẹ̀yà (kíìtì) kó tò ó fúnra rẹ̀. Èyí tí à ń tò fúnra wa ni mo fara mọ́ jù, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèyàn ló yẹ.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọkọ̀ yín, kí ẹ tó ná sefa kankan. Àlòkù tó gba èbúté Kútọnu wọlé lọ̀pọ̀ nínú wa ń gùn. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní OBD2, ìyẹn ìlànà ihò tí à ń ki sìkánà bọ̀ àti bí ọkọ̀ ṣe ń dá a lóhùn. Ti Yúróòpù pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọdún 2001 ló di ọ̀ranyàn fún ọkọ̀ oní-bẹntiróòlù, ọdún 2004 fún oní-dísẹ́ẹ̀lì. Peugeot 504 tó ṣì ń kó èrò àti ẹrù kò ní ihò rẹ̀ rárá, kò sì sí sìkánà tí ẹ máa rà fún un.

Abẹ́ ìdarí ọkọ̀ ni ihò náà sábà máa ń wà, ó sì ní ẹsẹ̀ 16. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ẹsẹ̀ 16 ni iná bátìrì, 4 àti 5 jẹ́ ilẹ̀ (ẹ̀gbẹ́ nẹ́gátíìfù iná). Bí irin bá wà nínú 6 àti 14, CAN ni ọkọ̀ yẹn máa ń sọ, ìyẹn èdè tí àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Bí ibẹ̀ bá ṣófo tó sì jẹ́ pé 7 ló ní irin, K-line ni, èdè tó ti wà ṣáájú CAN. Ọ̀pọ̀ kíìtì tí wọ́n ń tà kò mọ̀ ju CAN lọ, nítorí náà àyẹ̀wò yìí lè gba owó yín sílẹ̀.

Pulọ́ọ̀gì Bluetooth ló rọ̀ lówó jù. ELM327, ṣípù tó ń túmọ̀ èdè ọkọ̀ fún fóònù, ni wọ́n máa ń kọ sí i lára, àmọ́ Elm Electronics ti Kánádà tó ṣe ojúlówó rẹ̀ ti kógbá sílé lọ́dún 2022, ayédèrú ló sì kún ọjà. Bí ẹ bá rí «v1.5» lára rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ilé iṣẹ́ náà kò gbé irú ẹ̀ jáde rí. Àwọn ayédèrú kan ń ka kóòdù dáadáa. Àwọn mìíràn á gé ìdáhùn ọkọ̀ kúrú, ẹ ò sì ní mọ̀. Ẹni tó ń lo iPhone gbọ́dọ̀ wá oní-WiFi tàbí oní-BLE (Bluetooth tí kì í jẹ iná púpọ̀).

Èyí tó ní ojú tirẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n èyí tó dára nínú wọn máa ń ka kóòdù ABS (bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há) àti ti ẹ́abáàgì. Ẹni tí ọkọ̀ ń tò síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ máa ṣiyèméjì lórí rẹ̀.

Ó wá ku kíìtì. ESP32, kọ̀ǹpútà kékeré tí à ń kọ ètò sí, ní ẹ̀yà CAN nínú ara rẹ̀, bọ́ọ̀dù kékeré SN65HVD230 tó ń so ó pọ̀ mọ́ wáyà ọkọ̀ ló kù tí ẹ máa fi kún un. Arduino, irú kọ̀ǹpútà kékeré mìíràn, ní tirẹ̀ nílò bọ́ọ̀dù MCP2515 tó ń fún un ní CAN. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lórí kirísítálì bọ́ọ̀dù yìí (ẹ̀yà tó ń pinnu bó ṣe ń yára tó), 8 tàbí 16 MHz, kí ẹ sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ètò. Bí kò bá bára mu, ọkọ̀ kò ní dáhùn. Ẹ yọ rẹsísítọ̀ 120 ohm (ẹ̀yà tó ń dín iná kù) orí bọ́ọ̀dù náà, torí ọkọ̀ ti ní tirẹ̀. Ẹ fi fíúsì sí wáyà ẹsẹ̀ 16, ẹ sì wọn iná tó ń jáde lára ẹ̀rọ tó ń sọ iná 12 fóltì di 5 fóltì kó tó kan ohunkóhun.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ rèé: ẹ óò fi ojú ara yín rí ohun tí ọkọ̀ sọ. Ẹ bi í ní 01 0C (ìbéèrè nípa bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí), ó dáhùn 41 0C 0C 1C. Méjì tó kẹ́yìn, 0C àti 1C tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ nọ́ńbà, jẹ́ 12 àti 28. Ẹ sọ 12 di ìlọ́po 256, ẹ fi 28 kún un, ẹ pín in sí mẹ́rin: 775, iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Kò sí áàpù tó lè parọ́ fún yín lórí ìyẹn. Bí ẹ̀yà kan bá sì jó, ẹ̀yà yẹn nìkan lẹ máa pààrọ̀. Ẹni tí kò tíì di irin òjé (èyí tí à ń fi jó wáyà pọ̀) mú rí, tó sì fẹ́ lo sìkánà lọ́la, kó ra pulọ́ọ̀gì.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ mú un dání nígbà tí ẹ bá ń lọ ra ọkọ̀ àlòkù. Ẹni tó ń tà á lè ti pa kóòdù rẹ́ kí ẹ tó dé, kí iná má baà tàn. Ẹ béèrè 01 01: bí ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò tí ọkọ̀ ń ṣe fúnra rẹ̀ kò bá tíì parí, wọ́n lè ti pa á rẹ́ láìpẹ́ tàbí kí wọ́n ti yọ bátìrì. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ wà á fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ tún un kà, kí ẹ tó sanwó.