PEDro: ibi tí mo máa ń yẹ ìwádìí wò kí n tó sanwó ìtọ́jú ẹsẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sáré, pàápàá ẹ̀yin tí gìgísẹ̀ tàbí orúnkún ń yọ lẹ́nu, nǹkan kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, ọ̀fẹ́ ni, wọn ò ní kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀, wọn ò sì ní bèèrè káàdì lọ́wọ́ yín. PEDro ló ń jẹ́. Sydney ní Australia ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1999, iṣẹ́ tó sì ń ṣe ni pé ó ń kó ìwádìí lórí ìtọ́jú físíò (ìtọ́jú tí wọ́n ń fi ẹsásáìsì àti ọwọ́ ṣe) jọ síbì kan, ó ti lé ní 60,000 báyìí, ó sì ń fún àwọn tó jẹ́ ìdánwò nínú wọn, ìyẹn èyí tí wọ́n ti dán ìtọ́jú wò lára èèyàn, ní máàkì.

Èmi kì í ṣe físíò o, mi kì í sì í ṣe dókítà. Sárésáré ni mí, ara àwa tá a máa ń pàdé lórí bíríìjì Lẹkki-Ìkòyí láàárọ̀ Sátidé. Iṣan gìgísẹ̀ ló gbé mi débẹ̀, okùn iṣan líle yẹn tó so ẹran ẹ̀yìn ojúgun mọ́ egungun gìgísẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní Achilles. Tí mo bá jí láàárọ̀ ẹsẹ̀ á ti gan, màá máa tiro lọ sí balùwẹ̀, tó bá yá á rọ̀, tí mo bá sáré tán á tún bẹ̀rẹ̀. Nílùú wa sì rèé, tí nǹkan bá ti ń dùn ẹ́, gbogbo èèyàn ti di dókítà. Ẹnì kan ní kí n fi Aboniki pa á, ẹnì kan ní kí n jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta, ẹnì kan ní bàtà mi ni, ẹlòmíì ní abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n máa ń gún síbẹ̀ tí ìrora á lọ lójú ẹsẹ̀. Ó dá gbogbo wọn lójú, owó sì ni gbogbo ẹ̀.

Ohun tí PEDro ṣe fún mi ni pé ó jẹ́ kí n lè bèèrè pé ṣé wọ́n ti dán èyí wò lára èèyàn rí, báwo ni wọ́n ṣe dán an wò, kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí wọn ò fún. Ìbéèrè yẹn nìkan lè gba èèyàn lọ́wọ́ ìnáwó tó pọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ṣí i, Advanced Search ni kẹ́ ẹ lọ tààrà. Ẹ máa rí àwọn àpótí tẹ́ ẹ lè fi yan irú ìtọ́jú, ibi tó ń dùn yín lára, irú ìwádìí, ọdún tẹ́ ẹ fẹ́ kó ti bẹ̀rẹ̀, àti máàkì tẹ́ ẹ ò fẹ́ kó wálẹ̀ jù ú lọ. Níbi tẹ́ ẹ ti máa kọ ọ̀rọ̀, ẹ fi ìràwọ̀ kékeré sídìí ẹ̀, bíi achilles tend*, torí pé orúkọ tí oníkálukú ń pe àìsàn yìí yàtọ̀, ẹnì kan á kọ tendinitis, ẹnì kan á kọ tendinopathy, ìràwọ̀ yẹn á kó gbogbo wọn wá. Ìlànà ìtọ́jú ló máa kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà àwọn àkójọ ìwádìí, kí ìdánwò kọ̀ọ̀kan tó wá tẹ̀ lé e, èyí tí máàkì ẹ̀ ga jù ló ń ṣáájú. Ọ̀rọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, fọ́tò ò pọ̀, torí náà kì í jẹ dátà, ó máa ń ṣí lórí fóònù mi kódà lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì ò dáa.

Máàkì yẹn ni mo fẹ́ràn jù, òun náà sì làwọn èèyàn máa ń ṣì gbọ́ jù. Lórí 10 ni. Wọ́n á wò ó bóyá kèké ni wọ́n ṣẹ́ láti fi pín àwọn èèyàn sí ẹgbẹ́, bóyá ẹni tó ń gbà wọ́n wọlé ò mọ ẹgbẹ́ tí kèké máa mú ẹni tó kàn lọ, bóyá ẹgbẹ́ méjèèjì ò ju ara wọn lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, bóyá ẹni tó ń wọn àbájáde ò mọ ẹni tó gba èwo, bóyá àwọn tí wọ́n rí wọ̀n nígbẹ̀yìn lé ní 85 nínú 100 àwọn tó bẹ̀rẹ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa: méjì nínú máàkì náà wà fún pé kí aláìsàn má mọ ìtọ́jú tí wọ́n ń fún un, kí físíò fúnra ẹ̀ náà má mọ̀. Báwo lèèyàn ṣe máa gbé irin tí ò ní mọ̀ pé òun ń gbé irin? Ìdí nìyẹn tí ìwádìí lórí ẹsásáìsì kì í fi í sábà kọjá 8, tẹ́ ẹ bá rí 7, ojúlówó ni. Máàkì gíga ò sì sọ pé ìtọ́jú náà ṣiṣẹ́ o. Ìwádìí lè gba 8, kó jẹ́ pé ohun tó rí ni pé ìtọ́jú náà ò ṣe nǹkan kan. Bí ẹni tó ń yẹ kọ́ńgò wò lọ́jà ló rí, gàrí inú ẹ̀ kọ́ ló ń tọ́ wò.

Ní ti ẹsẹ̀ tèmi, Sweden lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan wà níbẹ̀, Håkan Alfredson, iṣan gìgísẹ̀ tiẹ̀ náà ń dùn ún, ó bẹ ọ̀gá ẹ̀ pé kó ṣe iṣẹ́ abẹ fóun, ọ̀gá kọ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ náà ṣiṣẹ́ kíkankíkan pé tó bá já wọ́n á ṣe é dandan, ẹsẹ̀ ò já, ńṣe ló san. Lọ́dún 1998 wọ́n gbé ìwádìí jáde lórí sárésáré 15: kí wọ́n dúró sórí àtẹ̀gùn, kí wọ́n máa sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, 15 lọ́nà mẹ́ta pẹ̀lú orúnkún nínà, 15 lọ́nà mẹ́ta pẹ̀lú orúnkún títẹ̀, àárọ̀ àti alẹ́, ó jẹ́ 180 lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ 12. Àwọn 15 ọ̀hún ló padà sídìí eré sísá. Ó wú mi lórí, ṣùgbọ́n wọn ò ṣẹ́ kèké nínú ìyẹn, mo wá fẹ́ mọ ohun táwọn tó ṣẹ́ kèké rí.

Mo rí ti 2007, Sweden náà ni, èèyàn 38. Ẹsásáìsì kan náà ni gbogbo wọn ṣe, àmọ́ wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kan máa sáré kí wọ́n sì máa fò lọ, tí ìrora ò bá ti kọjá 5 nínú 10, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kejì dáwọ́ eré dúró fún ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́. Ara àwọn méjèèjì ló yá, eré ò pa àwọn tó ń sáré lára. Àṣé mi ò ní láti jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta! Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ yẹn. Mo tún rí ti Denmark, 2015, èèyàn 58: àwọn kan ń ṣe ti Alfredson lójoojúmọ́, àwọn kan ń gbé ìwúwo ńlá ní jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta péré lọ́sẹ̀. Ara gbogbo wọn yá, nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ 12 àwọn tó ń gbé ìwúwo ni inú wọn dùn sí i jù, nígbà tó fi máa pé ọdún kan kò sí ìyàtọ̀ mọ́. Fún èèyàn tó ń jáde nílé kílẹ̀ tó mọ́ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yàtọ̀ sójoojúmọ́ pátápátá.

Mo gbé e lọ fún físíò mi, ọmọbìnrin kan báyìí tó mọṣẹ́. Kò bínú pé mò ń ka ìwé lé òun lórí. Ó ní, “Bọ̀dá, ìwádìí gidi ni, ẹ jẹ́ ká ṣe ti ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yẹn, àmọ́ kì í ṣe ìwúwo tí wọ́n kọ síbẹ̀ lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ o, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo iye tẹ́sẹ̀ yín lè gbé.” Ohun tí PEDro ò lè ṣe fún yín láéláé nìyẹn, kò lè fọwọ́ kan iṣan yín. Ẹsẹ̀ náà ti dáa báyìí, mo ti ń sáré padà láìtiro.

Mo ti fi PEDro wá nǹkan fáwọn ẹlòmíì náà. Fún ẹni tí iwájú orúnkún ń ro, ẹ wá ti Canada, 2018, sárésáré 69: ẹgbẹ́ kan gba ẹ̀kọ́ nìkan lórí bí wọ́n á ṣe dín eré kù kí wọ́n sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ bí ìrora bá ṣe gbà, ẹgbẹ́ kan gba ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ẹsásáìsì, ẹgbẹ́ kẹta gba ẹ̀kọ́ pẹ̀lú àtúnṣe bí wọ́n ṣe ń gbẹ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ 8, kò sí ẹgbẹ́ tó fi bẹ́ẹ̀ ju èkejì lọ. Ẹ̀kọ́ nìkan ò sì ní kéèyàn sanwó jíìmù. Òfin tí gbogbo wa ń pariwo pé kéèyàn má fi ju 10% kún eré lọ́sẹ̀ kan náà, wọ́n ti dán an wò ní Netherlands, 2008, lára àwọn 532 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ eré, bí 20 nínú 100 ló ṣèṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, àwọn tó tẹ̀ lé òfin náà àtàwọn tí ò tẹ̀ lé e.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Àkópọ̀ ìwádìí nìkan lẹ máa rí níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ líǹkì láti ka gbogbo ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà àwọn ilé ìtẹ̀wé á ní kẹ́ ẹ san dọ́là, tá a bá sì ṣẹ́ ẹ sí náírà, ẹ ò ní ka mọ́. Wọ́n ti túmọ̀ sáìtì náà sí Faransé àti Potogí, ti Yorùbá ò sí. Ìwádìí láti ọ̀dọ̀ wa ò sì pọ̀ tó, ẹ máa rí ti OAU Ilé-Ifẹ̀ lórí ẹ̀yìn ríro, inú mi sì dùn nígbà tí mo rí i, àmọ́ ti àwa sárésáré tá à ń sá nínú oòrùn yìí lórí títì tó kún fún kòtò, mi ò tíì rí. Tẹ́ ẹ bá sì ń wá ohun tó ń fa ìpalára, ibẹ̀ kọ́ lẹ máa lọ, ìtọ́jú ni tiwọn.

Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ yín fún: tẹ́ ẹ bá ń sáré lọ tẹ́ ẹ gbọ́ tí nǹkan já pàá lẹ́yìn gìgísẹ̀, tẹ́ ẹ ò sì lè fi ẹsẹ̀ yẹn nàró lórí ọmọ ìka mọ́, tàbí tí ojú kan pàtó lórí egungun ojúgun ń ro yín kódà nígbà tẹ́ ẹ bá sùn, ẹ fi fóònù sílẹ̀, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an.