Ọ́ìlì, gírísì àbí ìyẹ̀fun: èwo ni kí ẹ rà fún ìbọn yín?

Ìgò márùn-ún ló wà nínú dúrọ́ọ̀ mi nígbà kan, bẹ́ẹ̀ ìbọn méjì péré ni mo ní. Méjì ló ṣẹ́ kù báyìí: ìgò CLP (ọ́ìlì ìbọn) kékeré kan àti gírísì inú túùbù. Ẹ jẹ́ ká gbé wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ lè rí ìdí tí àwọn yòókù fi kúrò.

Kí ẹ tó ṣí ìgò èyíkéyìí, ẹ yọ gbogbo ọta. Ẹ fi ojú wo ihò ọta, ẹ ti ìka bọ̀ ọ́, kí ẹ sì gbé ọta kúrò nínú yàrá náà. Yàtọ̀ sí ewu, ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè gba ìdí ọta wọlé, kí ọta náà má dún mọ́ lọ́jọ́ tí ẹ nílò rẹ̀.

CLP àti Hoppe's No. 9

Iṣẹ́ mẹ́ta ni CLP ń ṣe: ó ń fọ ìdọ̀tí, ó ń mú kí irin yọ̀, kì í sì í jẹ́ kí irin dógùn-ún. Àwọn ológun Amẹ́ríkà pàápàá ní ìlànà tiwọn fún un, MIL-PRF-63460. Bí ẹ bá rí i lára ìgò, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu lásán ni wọ́n fi ń polówó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣiṣẹ́ mẹ́ta pọ̀ kì í mọ ọ̀kan ṣe bí ẹni tó gbájú mọ́ ọn. Bí èérí bá ti gan mọ́ inú ọ̀pá ìbọn, Hoppe's No. 9, tó ti wà lórí àtẹ láti 1903, máa fọ̀ ọ́ ju CLP lọ. Àmọ́ ọṣẹ ni Hoppe's yẹn, kì í ṣe ìpara. Ẹ fi fọ ìbọn tán, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wá fi ọ́ìlì sí i. Mo ti rí ẹni tó ń fi í pa ìbọn bí ọ́ìlì, tó wá ń ráhùn pé irin òun ń ha ara wọn.

WD-40

Àríyànjiyàn lórí èyí kì í tán. Orúkọ rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ rẹ̀: lílé omi kúrò, ìgbìyànjú ogójì. 1953 ni wọ́n ṣe é. Bí òjò bá pa ìbọn yín, ẹ fọ́n ọn sí i, omi máa sá jáde, ẹ nù ún, kí ẹ sì fi ojúlówó ọ́ìlì rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ máa fẹ́ lọ, ohun tó bá ṣẹ́ kù kò nípọn tó láti gbé irin lé lórí.

Ballistol

Ọ́ìlì tó ti Jámánì wá ni, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó ṣeé fi pa igi àti awọ, èyí tí kò wọ́pọ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ bu omi lù ú, ó máa funfun bíi wàrà. Ibẹ̀ gan-an ni agbára rẹ̀ wà: ọta àtijọ́ kan máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀pá, omi ló sì ń yọ́ iyọ̀, ọ́ìlì lásán kò lè yọ́ ọ. Ẹni tó ń fi ẹ̀tù dúdú yìnbọn náà máa jẹ àǹfààní rẹ̀. Kí ló dé tí tèmi fi kúrò nínú dúrọ́ọ̀? Òórùn rẹ̀ ni. Ó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ bí èéfín.

Ọ́ìlì àti gírísì

Níbí ni owó àwọn èèyàn ti ń ṣòfò jù. Ohun tó bá ń yí lójú kan, ọ́ìlì ni tirẹ̀. Irin méjì tó bá ń wọ́ lórí ara wọn tagbára-tagbára, gírísì ni. M1 Garand, ìbọn àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, gírísì ni wọ́n ń fi sí i, torí òjò ń ṣan ọ́ìlì kúrò lára rẹ̀. Ọ̀tá gírísì ni òtútù àti erùpẹ̀. Nínú òtútù ó máa ń le, ìbọn á wá máa fà. Nínú iyanrìn, ó ń mú gbogbo ohun tó bá fẹ́ kọjá, títí tó fi máa dà bí ohun tí wọ́n fi ń họ irin.

Fún ibi eléruku, ẹ wo àwọn ìyẹ̀fun gbígbẹ tó ń mú kí irin yọ̀: graphite, molybdenum disulfide àti PTFE. Eruku kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ wọn. Àmọ́ wọn kò dáàbò bo irin tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rinrin, bí ara ìbọn yín bá sì jẹ́ alumíníọ́mù, ẹ má fi graphite sún mọ́ ọn: tí ọ̀rinrin bá wọ àárín wọn, ó máa jẹ alumíníọ́mù náà.

Èyí tó wà nílé tẹ́lẹ̀ ńkọ́?

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe irin tó ń dá jókòó sínú àpótí fún oṣù mẹ́fà. Òróró ìdáná lẹ ò gbọ́dọ̀ dán wò. Mo dán an wò rí lára ìbọn ìléwọ́ kan, mo sì gbàgbé rẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ó ti di oje pupa rúsúrúsú. Nígbà tí mo fa irin òkè rẹ̀ sẹ́yìn tí mo fi í sílẹ̀, ńṣe ló ń padà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Báwo ló ṣe yẹ kó pọ̀ tó?

Ẹ̀kán kan ní ojú kọ̀ọ̀kan tí irin ti ń kan irin. Ẹ wá ibi tí àwọ̀ ti ń dán bíi dígí. Ibẹ̀ ni irin ti ń ha ara wọn. Ẹ kán an síbẹ̀, ẹ fi ọwọ́ fà á síwá-sẹ́yìn nígbà mẹ́wàá, kí ẹ nu èyí tó bá yọ jáde. Bí ó bá ń ṣàn sí yín lọ́wọ́, ó ti pọ̀ jù. Bí ìbọn ìléwọ́ Glock yín bá jẹ́ tuntun, gírísì aláwọ̀ bàbà tí ẹ máa rí nínú rẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ fi í sílẹ̀.

Inú ọ̀pá lè ní ọ́ìlì nígbà tí ìbọn bá wà nípamọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún kí ẹ tó yìn ín. Ìbọn tó bá ní ìdí onígi, ẹ dorí rẹ̀ kodò tí ẹ bá fi ọ́ìlì sí i tán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì máa ṣàn wọ inú igi, igi náà á sì rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má ra ìgò ńlá. Ẹ ra èyí tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, torí ẹnu gbàgbà ló ń mú wa da ohun tó yẹ ká kán.