Ẹ́ńjíníà fóònù tó ń lé oníbàárà olówó ní Queen Cinema

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Íbàdàn tẹ́ ẹ ń bi mí pé níbo ni mo ti tún fóònù mi ṣe, ó wà ní Queen Cinema, ọjà fóònù tó wà l'Èkótẹ̀dó níbẹ̀ yẹn. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù torí bọ̀dá náà ò fẹ́ ariwo, ẹ wá sí inbox màá júwe ẹ̀.

iPhone 12 ni tèmi, ó já bọ́ sórí táìlì, ojú ẹ̀ fọ́ yánkanyànkan. Ibi tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ ládùúgbò wa, "original ni mà, original ni", owó original náà ni wọ́n gbà, kò pé kò jìnnà ni àwọ̀ ẹ̀ ṣì tó tún wá ń jẹ bátìrì bíi kí ni. Bọ̀dá ti Queen Cinema tú u lójú mi, ó ní "Aunty, incell ni wọ́n fún yín o, OLED ló máa ń bá iPhone 12 wá." Incell ni ojú LCD olówó pọ́ọ́kú, OLED ni irú ojú tí ibi dúdú ẹ̀ kì í tànmọ́lẹ̀ rárá. Ó wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iPhone 12 mìíràn, ó ṣí fọ́tò dúdú kan sórí méjèèjì, ha, ti OLED dúdú kirikiri, tèmi ń ṣe bí eérú. Ó tún ní kí n wọ Settings, kí n wo abẹ́ About, lóòótọ́ ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí pé fóònù ò dá ojú tí wọ́n fi sí i mọ̀, èmi ni mi ò wò ó. Ẹ lọ wo tiyín náà.

Kó tó fọwọ́ kan fóònù ẹnikẹ́ni, ó máa ní kẹ́ ẹ tẹ *#06#, á kọ IMEI ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, sínú ìwé, tó bá ṣe tán á kó ẹ̀yà tó yọ sínú ọ̀rá fún yín. Lọ́jà tí wọ́n ti lè pààrọ̀ bátìrì èèyàn kó tó yíjú, ìyẹn nìkan tó fún mi.

Àmọ́ ohun tó jẹ́ kí n kọ eléyìí gan-an ni àwọn ọmọ méjì tó wọlé nígbà tí mo jókòó. iPhone 14 Pro Max ni wọ́n gbé wá, ti titun ṣì ń dán lára ẹ̀, "Ẹ́ńjíníà, ẹ bá wa já iCloud ẹ̀, iye tẹ́ ẹ bá pè la máa san." Ìyẹn ni pé kó já àkáǹtì ẹni tó ni fóònù, tó tì í pa, kúrò lórí ẹ̀. Bọ̀dá náà tan fóònù ọ̀hún, Lost Mode ló wà, ìyẹn ni pé ẹni tó ni ín ti tì í látòkèèrè torí ó sọnù, nọ́ńbà ẹni tó ni ín hàn gbangba lójú ẹ̀. Ó ní "Nọ́ńbà rèé, ẹ pè é kẹ́ ẹ dá a padà fún un." Wọ́n pòṣé, wọ́n bọ́ síta, ṣọ́ọ̀bù kejì ni wọ́n yà sí, a ò sì rí kí wọ́n jáde kíá. Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ń kùn, "ọ̀gá, gbogbo èèyàn ló ń ṣe é", ọ̀gá ò gbójú sókè lára sukudíráfà ẹ̀, ó kàn ní "Ẹ́kísódù 23 ẹsẹ 2 ńkọ́?" Ọmọ yẹn dáhùn bí ẹni tí wọ́n ti bi í tó sú u, "Ìwọ kò gbọdọ̀ tọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lẹ́yìn láti ṣe ibi, sà." Mo rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú mi.

Mo bi ọ̀gá pé ṣé owó yẹn ò dùn ún ni. Ó ní "Ó dùn mí mà, rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù yìí fẹ́ẹ̀ ká mi mọ́ lọ́dún tó kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni fóònù yẹn náà ń wá a níbì kan." Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ amúlétutù ń fọn ní ṣọ́ọ̀bù kejì o, fáànù kékeré kan ló ń fẹ́ wa níbi tá a wà. Ẹ má sì tìtorí sítíkà wọ ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni, "Jésù ni Olúwa" wà gàdàgbà lára gíláàsì àwọn tó ta incell fún mi.

Kò pé o. Ó lọ́ra, fóònù kan ló ń tú lẹ́ẹ̀kan, tẹ́ ẹ bá ń kánjú ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Kò rọjú pẹ̀lú, OLED tó tú lára fóònù mìíràn fún mi wọ́n ju incell lọ dáadáa, kò sì gbà kí n dúnàá-dúrà. Á wàásù fún yín díẹ̀, ọ̀rẹ́ mi Mùsùlùmí tí mo mú lọ ní kò kúkú pọ̀jù. Lọ́jọ́ Wednesday, tó bá ti di agogo mẹ́rin ó ti tì, ó ti lọ sí Bible study, ẹ bẹ̀ ẹ́ títí.

Mo fún un ní 4 nínú 5. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbàgbé password iCloud yín, ẹ mú risíìtì fóònù dání, torí láìsí ìyẹn, ẹ̀ báà sunkún ẹ̀jẹ̀, kò ní fọwọ́ kàn án.