Boss RC-5 àti drum machine lórí aago kan ṣoṣo

Ẹ̀yin onígìtá tí ẹ máa ń dá lọ ṣeré, tó jẹ́ pé gìtá, looper (ẹ̀rọ tó ń gba ohun tí ẹ bá ta sílẹ̀, tó sì ń tún un kọ ní àkọtúnkọ, ìyẹn lóòpù) àti drum machine (ẹ̀rọ tó ń lu ìlù) lẹ kó sínú mọ́tò, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Boss RC-5 ni looper tí mò ń lò. Pẹ́dà kékeré ni, ẹsẹ̀ kan bò ó mọ́lẹ̀, ó sì ń gba orin tó tó wákàtí 13 sínú àyè 99. Ohùn rẹ̀ mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ihò kékeré méjì kan wà lára rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ní i kò fi wáyà kàn rí: MIDI IN àti MIDI OUT. MIDI ni ọ̀nà tí àwọn ẹ̀rọ orin fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn ihò yìí ni mo torí ẹ̀ rà á.

Tí looper kò bá ní MIDI, ẹsẹ̀ yín nìkan ló ń pinnu ibi tí lóòpù parí sí. Tó bá jẹ́ gìtá nìkan lẹ ń ta, kò sí wàhálà, nítorí kò sí ohun tí lóòpù máa bá jà. Ìgbà tí ìlù bá dé lọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní tempo, ìyẹn bí orin ṣe yá tó, jẹ́ bíìtì 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí bar kọ̀ọ̀kan sì ní bíìtì mẹ́rin. Bíìtì kan gba ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá, lóòpù bar mẹ́rin sì gba ìṣẹ́jú àáyá 8. Ká wá ní ẹsẹ̀ yín pẹ́ díẹ̀ kó tó ti lóòpù, ó pẹ́ ní ìdá kan nínú ìdá 50 ti ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ nígbà àkọ́kọ́. Àmọ́ bí lóòpù bá ṣe ń yípo ni ìpẹ́ yẹn ń gorí ara wọn. Nígbà tó bá fi máa yípo nígbà 25, ìyẹn ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 20, gìtá ti fi odindi bíìtì kan gbẹ́yìn ìlù. Orin òde àríyá wa kì í sì í tán ní ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé àwọn á kàn tẹ 120 sórí looper, àwọn á tẹ 120 sórí drum machine, ó parí. Kò lè parí bẹ́ẹ̀. Aago inú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan máa ń fi díẹ̀ yàtọ̀ sí ti èkejì, bó ti wù kó kéré mọ, kò sì sí ẹni tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ máa balẹ̀ ní àkókò kan náà gan-an láti tẹ méjèèjì.

Ohun tí MIDI ń ṣe kò le rárá. Láti 1983 ló ti wà. Ẹ̀rọ kan á jẹ́ ọ̀gá, á máa fi àmì ránṣẹ́ sí èkejì, àmì 24 fún bíìtì kọ̀ọ̀kan. Ní tempo 120, ìyẹn jẹ́ àmì 48 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo fẹ́ràn 24 yẹn gan-an, torí pé ó ṣeé pín sí mẹ́rin, ó sì ṣeé pín sí mẹ́ta láìṣẹ́kù. Orin wa tó pọ̀ ló ń rìn ní mẹ́ta-mẹ́ta. Tí mo bá to konkolo, ìró agogo tó ń darí ìlù, sínú drum machine, tí mo pín bíìtì kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta, àmì mẹ́jọ-mẹ́jọ ló bọ́ sábẹ́ ìdá kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó wọ́.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa àwọn àmì yìí: wọn kì í sọ ibi tí bar ti bẹ̀rẹ̀. Bí orin ṣe yá tó nìkan ni wọ́n ń sọ. Àmì mìíràn, Start, ló ń sọ fún looper pé “ibí yìí ni ọ̀kan.” Nítorí náà, ẹ tan gbogbo ẹ̀rọ, ẹ so wáyà pọ̀, kí ẹ tó wá tẹ Start lórí ọ̀gá. Ẹni tó bá ki wáyà bọ̀ ọ́ nígbà tí ìlù ti ń lọ, looper rẹ̀ á mọ bí orin ṣe yá tó, ṣùgbọ́n kò ní mọ ibi tí ọ̀kan wà.

Alesis SR-16 ló jẹ́ ọ̀gá lọ́dọ̀ mi. Drum machine àtijọ́ ni, àyè ìlù 50 wà nínú rẹ̀ fún èyí tí ẹ bá fọwọ́ ara yín tò. MIDI OUT rẹ̀ jẹ́ ihò ńlá onípìn-ín márùn-ún, ti RC-5 sì jẹ́ ihò tóóró bíi ti íáfóònù. Wáyà tó so méjèèjì pọ̀ ló fẹ́ gba ẹ̀mí mi. Oníṣọ́ọ̀bù kan l'Ékòó tà á fún mi, ó búra pé gbogbo wáyà MIDI tóóró ọ̀kan náà ni. Mo délé, mo so ó, looper kò mira. Wáyà tóóró yìí pín sí oríṣi méjì, Type A àti Type B, bí wọ́n ṣe so ìrìn iná inú wọn sì yàtọ̀ síra. Type A ni Boss ń lò, òun náà sì ni àwọn tó ń ṣàkóso MIDI fọwọ́ sí ní 2018. Ẹ béèrè Type A, tàbí kí ẹ béèrè BMIDI-5-35 tí Boss fúnra wọn ṣe.

Ìgbà tí mo rí wáyà tó tọ́, mo ní kí RC-5 máa tẹ̀lé aago tó ń bọ̀ láti òde, mo sì tẹ Start. Inú mi dùn dé ibi kan.

Ẹni tó bá fetí sí jùjú King Sunny Adé mọ̀ pé kì í ṣe gìtá kan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan ń tún gbólóhùn kúkúrú kan wí láìyẹsẹ̀, òmíràn ń dá a lóhùn nínú àlàfo tó fi sílẹ̀, òmíràn ń kọrin lókè wọn, Demola Adepoju á tún wá fi pedal steel rẹ̀, gìtá tí wọ́n ń tẹ́ kalẹ̀ ta, fa ohùn gba àárín gbogbo wọn kọjá. Adùn rẹ̀ wà nínú àlàfo yẹn. Tí gìtá kìíní bá fi díẹ̀ pẹ́, ìdáhùn á gun orí ìpè, gbogbo rẹ̀ á di ariwo. Èmi tí mo dá wà, gìtá tẹ́nọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń gbà sílẹ̀, bar mẹ́rin, mo wá fi ti ìdáhùn lé e, lẹ́yìn náà mo ń kọrin, mo sì ń ta lead. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àlàfo yẹn ṣì wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀, agogo inú SR-16 sì ń bọ́ sínú rẹ̀ gẹ́ẹ́.

Ibi tí kò ti ṣiṣẹ́ ni ibi tí onílù gidi bá wà. Onígángan kì í ṣe ẹ̀rọ. Tí olówó bá dìde, tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ iwájú orí, onílù á tẹ̀síwájú, ijó á gbóná, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Lóòpù kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni dìde. Lóòótọ́, tí ẹ bá yí tempo ọ̀gá sókè, lóòpù náà á tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n tó bá ti jìnnà sí bí ẹ ṣe gbà á sílẹ̀, ohùn gìtá á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ẹ fún onílù ní click, ìró tó ń ka bíìtì, létí tó bá gbà, tí kò bá gbà, ẹ pa lóòpù, kí ẹ tẹ̀lé ènìyàn. Èmi kì í bá onígángan jiyàn.

Ní ti iná, 9V ni RC-5 ń lò, ó sì ń fa 170 mA. Ẹ má ṣe so ó mọ́ wáyà adáptọ̀ kan náà tó ń fún gbogbo pẹ́dà yòókù níná. Pẹ́dà oní-digital máa ń kùn tó bá rí bẹ́ẹ̀. Ihò iná tirẹ̀ ni kí ẹ fún un. Lóòpù tó bá sì wù yín, ẹ tètè fi pamọ́ sínú rẹ̀, torí èyí tí ẹ kò bá tíì fi pamọ́ ń bá NEPA lọ ni.

Ibi ìfẹsẹ̀tẹ̀ kan ṣoṣo ni pẹ́dà yìí ní. Kí ó tó dúró, ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, ìyẹn kò sì rọrùn fún ẹni tó ń kọrin lọ́wọ́. Boss FS-6, pẹ́dà àfikún tó ní ibi ìfẹsẹ̀tẹ̀ méjì, ń yanjú rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin àti onílù gidi lẹ jọ máa ń ṣeré nígbà gbogbo, looper tó wọ́n tó báyìí kò pọn dandan. Ẹ̀yin tí ẹ̀rọ ń lù fún, ẹ ra RC-5, ẹ ra wáyà Type A lọ́jọ́ kan náà, kí FS-6 wá tẹ̀lé e nígbà tí owó bá tún wọlé.