Ute Mountain Tribal Park: ilẹ̀ tí Jack House kò jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn rẹ̀

Ẹni tó bá ti dé Mesa Verde, ọgbà ìjọba ní Kòlórádò ní Amẹ́ríkà, tó tò sórí ìlà kó tó rí ilé àpáta wò, ìyẹn ilé àtijọ́ tí wọ́n kọ́ sínú ihò ara àpáta, kó mọ̀ pé ilẹ̀ yẹn ò tán síbẹ̀. Téèyàn bá kọrí sí gúúsù, àfonífojì àti ilé àpáta ṣì pọ̀ níwájú, ẹni tó ni wọ́n nìkan ló yàtọ̀. Ute Mountain Tribal Park nìyẹn. Ó tó éékà 125,000, ó ju ìlọ́po méjì Mesa Verde lọ. Àwọn Ute, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tí olú ìlú wọn wà ní Towaoc, ló ni ín, àlejò kì í sì í wọ ibẹ̀ láìsí afinimọ̀nà wọn.

Ká má tíì sọ ti ọ̀nà, ká kọ́kọ́ sọ ti Jack House, nítorí òun ni gbogbo ohun tí à ń san owó fún níbẹ̀ dúró lé lórí. Òun ló jẹ olóyè ìbílẹ̀ kẹ́yìn láàrin àwọn Weeminuche, ìyẹn àwọn Ute tó di Ute Mountain lónìí. Lẹ́yìn rẹ̀, alága àti ìgbìmọ̀ tí wọ́n fi ìbò yàn nìkan ló ń darí ìlú. Inú àfonífojì odò Mancos ló ń gbé. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà dá Mesa Verde sílẹ̀ ní 1906, wọ́n wá rí i pé púpọ̀ nínú ilé àpáta tí wọ́n ń fẹ́ bọ́ sórí ilẹ̀ Ute. Wọ́n fúngun mọ́ àwọn Ute títí ilẹ̀ náà fi bọ́ lọ́wọ́ wọn ní 1913, ilẹ̀ orí òkè Sleeping Ute ni wọ́n sì fi dí i fún wọn, òkè tí àwọn Ute kà sí tiwọn tẹ́lẹ̀. Jack House ò fẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. Ó ní kí wọ́n ya èyí tó kù sọ́tọ̀, kí ọwọ́ Ute fúnra wọn máa tọ́jú rẹ̀. Ó kú ní 1971. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Ernest House, di alága ẹ̀yà náà lẹ́yìn náà, ìgbà tirẹ̀ ni wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ àwọn Ute sí omi ní 1986. Kí omi ẹ̀rọ tó dé Towaoc, ọkọ̀ ni wọ́n fi ń gbé omi mímu wá.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà mú àlejò wọlé: ìlàjì ọjọ́ àti odindi ọjọ́. Ìlàjì ọjọ́ ń tẹ̀ lé odò Mancos, ẹ máa rí àwòrán tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta, àwókù ilé orí ilẹ̀, àti àwòrán tí àwọn Ute kùn, tó fi mọ́ èyí tí Jack House fúnra rẹ̀ kùn. Kò le, ó dára fún àgbàlagbà àti ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá ṣì gbé e, odindi ọjọ́ ni kó mú. Ẹni tó rin ìrìn tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tó wá padà láì dé Lion Canyon, ẹnu ọ̀nà ló dé yẹn.

Ilé àpáta mẹ́rin ló wà ní Lion Canyon: Tree House, Lion House, Morris 5 àti Eagle's Nest. Ẹ máa rin bíi máìlì mẹ́ta, ẹ sì máa gun àkàbà onígi. Kò sí okùn tó ní kẹ́ ẹ dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Amọ̀ tí wọ́n fi lẹ òkúta ṣì wà níbẹ̀, àwọn igi àjà náà ṣì wà, kùkù àgbàdo ṣì ń bẹ nílẹ̀. Àwọn baba ńlá àwọn Pueblo, ọmọ onílẹ̀ míì tí kì í ṣe Ute, ló kọ́ ilé wọ̀nyí, wọ́n sì ti kó kúrò ní nǹkan bí 1300. Afinimọ̀nà yóò sọ ọ́ gbangba pé kì í ṣe Ute ló kọ́ wọn, Ute ń ṣọ́ wọn ni. Eagle's Nest ló le jù, àkàbà gíga kan ló gbéni dé orí pèpéle àpáta tóóró. Bí òòyì bá ń kọ́ yín ní ibi gíga, ẹ sọ fún afinimọ̀nà ní ìsàlẹ̀, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá dá gìrì ní àárín àkàbà ń dá gbogbo ẹgbẹ́ dúró.

Lórí àkàbà, ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọjú sí i nígbà tẹ́ ẹ bá ń gùn àti nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀. Àpò àgbékọ́ ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ gbé, kí ọwọ́ méjèèjì lè ṣófo.

Ọkọ̀ ló máa ń fa wàhálà jù. Ọkọ̀ tiyín lẹ máa wà tẹ̀ lé afinimọ̀nà, bíi máìlì 80 lọ-bọ̀, orí òkúta wẹ́wẹ́ sì ni. Ọkọ̀ tí abẹ́ rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀ yóò máa họ. Ẹ wo táyà àfipamọ́ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé: òkúta ibẹ̀ mú, táyà àfipamọ́ ọkọ̀ àyágbé míì sì tín-ín-rín débi pé kò lè ru ọ̀nà yẹn. Ẹ má sún mọ́ ọkọ̀ tó wà níwájú, eruku ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí kòtò. Bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ amọ̀ yẹn á di àtẹ̀rì, wọ́n lè fagi lé ìrìn náà, ẹ má bá wọn jà. Ẹ rọ epo kún táǹkì ní ìlú Cortez tàbí nílé epo ẹ̀yà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàsínò, torí kò sí epo nínú ọgbà, kò sí oúnjẹ títà, kò sí omi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà kì í sábà mú. Omi líta mẹ́ta fún ẹnì kan nígbà ooru, oúnjẹ ọ̀sán, fìlà. Bí ọkọ̀ yín ò bá yẹ, ẹ lè san owó kún un láti jókòó sínú ọkọ̀ afinimọ̀nà, ṣùgbọ́n àyè ibẹ̀ ò pọ̀, ẹ tètè béèrè.

Orí ìkòríta ọ̀nà 160 àti 491 ni ilé tí wọ́n ti ń gbàlejò wà, bíi máìlì 20 sí gúúsù Cortez. Ẹ fóònù ṣáájú. Ẹni tó kàn yọjú láàárọ̀ láì gbàyè sílẹ̀ lè bá ilẹ̀kùn ní títì.

Àléébù kan wà níbẹ̀. Kò sí pátákó àlàyé, ẹnu afinimọ̀nà nìkan ni ìwé. Àwọn kan ń ṣàlàyé títí ọ̀fun wọn á fi gbẹ, àwọn kan ò sọ̀rọ̀ àfi tẹ́ ẹ bá bi wọ́n. Nítorí náà, ẹ bi wọ́n. Ẹ béèrè nípa Jack House, ẹ béèrè ẹni tó kùn ẹṣin sára àpáta. Ẹ gbàṣẹ kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò àwọn afinimọ̀nà.

Àpáàdì pọ̀ nílẹ̀, èyí tó ní ọnà dúdú lára funfun wà, àwọn kan wà tí wọ́n ti tò sórí òkúta pẹlẹbẹ. Ẹ lè mú un wò. Ẹ dá a padà sí ojú ibi tẹ́ ẹ ti mú un gan-an.