Ìyèré Ọjà: Ẹ Ra Oníhóró, Ẹ Fi Lílọ̀ Sílẹ̀

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìyèré ń gbà dé àtẹ: hóró gbígbẹ tí wọ́n ń fi agolo wọ̀n, èyí tí wọ́n ti lọ̀ kúnná sínú ọ̀rá, àti ewé tútù tí àwọn Ìgbò ń pè ní uziza. Hóró ló yẹ kó gba owó lọ́wọ́ yín. Lílọ̀ kò tó nǹkan.

Ẹ mú ẹyọ kan sí àtẹ́lẹwọ́. Ó kéré sí ata dúdú òyìnbó, ara rẹ̀ kò hunjọ tó tiẹ̀, ó sì ní ìrù tín-ín-rín kan tó tẹ̀ díẹ̀. Ata dúdú kò nírù. Hóró ìbẹ́pẹ gbígbẹ, tí àwọn ẹlẹ́tàn máa ń pò mọ́ ata, kò nírù. Ìrù yìí náà làwọn Potogí rí nígbà tí João Afonso de Aveiro, arìnrìn-àjò wọn kan, kó ata láti Ìbìní lọ sílé ní 1486. Ata onírù ni wọ́n ń pè é lédè wọn. Tí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́, ẹ̀rí ti bọ́ nìyẹn, ẹnu ọlọ́jà nìkan ló kù.

Ẹ fi eyín fọ́ ọ kẹ́ ẹ tó sanwó. Èyí tó gbẹ máa ń fọ́ kẹ́kẹ́, òórùn rẹ̀ á sì gba imú kan. Èyí tó bá rọ̀ lábẹ́ eyín kò gbẹ. Bí ẹ bá rí funfun bí ìyẹ̀fun nídìí ìrù, ó ti bu, oòrùn kankan kò lè tún un ṣe mọ́. Ẹ mi agolo náà pẹ̀lú. Bí ìrù jíjá àti ẹ̀ka bá pọ̀ nísàlẹ̀, igi ìdáná lẹ fẹ́ rà.

Nílé, ẹ yan án nínú ìkòkò gbígbẹ fún ìṣẹ́jú kan lórí iná kékeré, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra á kí ìrù lè já, ẹ fẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ tó gún un. Ìdajì ṣíbí tíì tó fún ẹja àrọ̀ kìlógíráàmù kan. Ìgbà tó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọbẹ̀ jinná ni kẹ́ ẹ dà á sí i. Tẹ́ ẹ bá tètè dà á sí i, òórùn á bá ooru lọ, ìkorò á kù sílẹ̀. Ṣíbí kan gbáko, ó di àgbo. 

Nínú ìgò tó ní ìdérí, hóró á lo ọdún kan. Lílọ̀ kì í tó bẹ́ẹ̀ rárá kí òórùn rẹ̀ tó ṣí. Ẹni tó bá ti ra á, kó pò ó mọ́ ẹ̀wà tó fẹ́ tọ́jú: kòkòrò ẹ̀wà kò fẹ́ràn rẹ̀.

Àwọn kan ń ta ìtàkùn rẹ̀ tí wọ́n gé fún gbígbìn nínú ọ̀rá. Ẹ bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ti gé e. Ara ìtàkùn tó ń gùn, tó ti ta gbòǹgbò wẹ́wẹ́ ní oríkèé, ló dára. Ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ tó ń so kì í gùn, ńṣe ló máa ń ṣe pọ̀pọ̀ sílẹ̀. Oríkèé mẹ́ta tó, ẹ ri méjì mọ́lẹ̀, lábẹ́ ibòji. Omi àkúnwọ́sílẹ̀ ló ń pa á: ewé á kọ́kọ́ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ìdí ìtàkùn á wá dúdú. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni kẹ́ ẹ gbìn ín sídìí obì tàbí igi mìíràn tí èèpo rẹ̀ le. Kì í ṣe gúáfà, nítorí igi tó ń bó èèpo á bó ìyèré dànù. Ẹ fi okùn so ó títí yóò fi di igi mú. Ó lè gùn kọjá mítà mẹ́wàá, nítorí náà ẹ máa gé orí rẹ̀ níbi tí ọwọ́ bá tó. Èso tó bá pọ́n lókè, ẹyẹ ló ń ká a.